Láti Ìtòkò dé Ògèrè: Ìwé Tí Ẹ̀mí Sọ, Tí Ènìyàn Kọ

Àlejò tó bá wọ Abẹ́òkúta, Olúmọ ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Aké ni èmi máa ń kọ́kọ́ mú wọn lọ. Ibẹ̀ ni Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther fìdí iṣẹ́ wọn kalẹ̀ sí lẹ́yìn tí wọ́n dé ìlú yìí ní 1846, Abẹ́òkúta náà sì ni Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, 1859. Nígbà tí Ìfọ́lé dé ní 1867, wọ́n lé àwọn òyìnbó, iṣẹ́ ìtẹ̀wé sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà ti wọ ara àwọn ènìyàn. Ní 1875, àwọn ará CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ní 1884, odindi Bíbélì wà ní èdè wa.

Mo mẹ́nu ba ìpàdé 1875 nítorí ìwé pélébé kan tó wà ní Ìtòkò.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ló ni ín. Ìyá Ìtòkò ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹni tó bá mọ ilé àdúrà aláṣọ funfun mọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń wáyé: ẹ̀mí á gun aríran, a máa sọ̀rọ̀, akọ̀wé á jókòó tì í pẹ̀lú bírò àti ìwé, a máa kọ ohun tó bá ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Nígbà tí aríran bá padà sípò, ó lè má rántí ohunkóhun. Ìwé ọwọ́ akọ̀wé nìkan ló kù.

Ní 1974, ìyá wọn lọ sí àìsùn kan nítorí ìgbéyàwó wọn tó ń bọ̀. Ìwé tí ìyá náà mú bọ̀ nílé kò ju ìlà mẹ́ta lọ: “Ki o sora fun oko pupa. Aawe ojo meta. Orin Dafidi 91.” Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo. Ìyá náà kò mọ̀wé. Ariwo agogo àti ìlù kò sì jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn aríran dáadáa.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ tún ìlà àkọ́kọ́ yẹn kà. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Ìyá Ìtòkò, ọmọ Ìjẹmọ̀, apọ́nbéporé ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin ní ọkọ pupa ni ẹ̀mí wí, kí wọ́n dá ẹrù ìdána padà. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ní rárá, ọkọ̀ pupa ni, kí àbúrò òun má ṣe wọ bọ́ọ̀sì pupa. Bàbá wọn tilẹ̀ dá sí i pé oko ni, pé ilẹ̀ oko àwọn pupa, ejò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ló borí. Wọ́n dá ẹrù padà. Ọdún mẹ́fà kọjá kí Ìyá Ìtòkò tó wọ ilé ọkọ mìíràn.

Wọn kò sunkún nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Wọ́n fi ìwé náà hàn mí láàárín Bíbélì wọn, ó ti pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Mo ní, “Màmá, bí akọ̀wé bá ti fi àmì sí i ńkọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ta ló ń rí àyè fi àmì sí i nígbà tí ẹ̀mí ń sáré?” Wọ́n wá fi kún un pé títí di òní, àwọn kì í wọ ọkọ̀ pupa, nítorí ènìyàn kì í mọ̀.

Èmi kò bá ẹ̀mí jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó padà lọ bi aríran léèrè. Nídìí Ifá, babaláwo lè ki ẹsẹ púpọ̀ nínú odù tó jáde, ẹni tó wá dáfá ni yóò sì mọ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Àǹfààní àtibéèrè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò lórúkọ ẹni tó kọ ọ́, tí wọ́n ní òkè ló ti wá, bí ó bá ti wọ ilé, àgbà tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ jù ni yóò túmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé gáréèjì Kútọ̀, tí mo wọ ọkọ̀ Ṣàgámù. A kọjá Kọ́bapẹ́, a kọjá Síun, a fi ilẹ̀ Ẹ̀gbá sílẹ̀, a bọ́ sí Rẹ́mọ. Láti Ṣàgámù, ọ̀nà Ìbàdàn ló gbé mi dé Ògèrè. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò kò mọ Ògèrè ju ibi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé máa ń tò sí lọ. Ibẹ̀ ni ìlú Josiah Oshitelu.

Olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà ni, ọmọ ìwé kíkà tó ti Aké tàn ká. Ní oṣù Karùn-ún 1925, ó rí ojú ńlá kan lójú ìran, ojú náà ń tàn bí oòrùn. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ ohun tó ń rí àti ohun tó ń gbọ́ sílẹ̀, títí ìran inú ìwé rẹ̀ fi lé ní 10,000. Orúkọ mímọ́ tí kò sí nínú èdè kankan tí a mọ̀ wà nínú wọn. Irú lẹ́tà kan tó jọ ti Lárúbáwá náà wà níbẹ̀, tó ní òkè ni wọ́n ti fi han òun. Áńgílíkà yọ ọ́ níṣẹ́. Ní 1930, ó dá Ìjọ Olúwa, Aládùúrà, sílẹ̀ ní Ògèrè. Ní 1947, ìjọ náà ti rán oníṣẹ́ lọ sí Sàró àti Làìbéríà. Ní 1964, wọ́n dé London. Òyìnbó kan, Harold Turner, kọ ìwé alápá méjì nípa wọn tó jáde ní 1967, ọdún kan lẹ́yìn ikú Oshitelu.

Láti 1937 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Tabieorar ní òkè mímọ́ wọn ní Ògèrè. Ààwẹ̀ ọjọ́ 13 ló máa ń ṣáájú, ó sì máa ń parí ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ tí mo lọ, kò sí àjọ̀dún. Bàbá àgbà kan tó wọ aṣọ funfun jókòó sábẹ́ igi. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo béèrè bóyá wọ́n ti ka ìwé ìran náà rí.

Wọ́n ní rárá. Ṣùgbọ́n bàbá àwọn gba orúkọ mímọ́ kan lẹ́nu Oshitelu fúnra rẹ̀, àwọn sì gbà á lẹ́nu bàbá àwọn. Òun ni àwọn fi ń gbàdúrà ní ìdájí, òun ni àwọn pè nígbà tí ìyàwó àwọn ń rọbí ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pè é kí n gbọ́. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́. Mo yọ bírò, mo béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “n kò rí i ní kíkọ rí.”