Mẹ́rin Tí Kò Dọ́gba

Òórùn irun àgbò tí wọ́n ń sun lọ́jà Ìpàtà ló kọ́kọ́ pàdé wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìsọ̀ Àáfà, mẹkáníìkì wa, kò jìnnà síbi tí àwọn alápatà wà. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wa ni ọkùnrin tó ń ta tòkunbọ̀ to injector mẹ́rin sí, lórí àkísà. "Nọ́sù gidi rèé o," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá so ó, ọkọ̀ yín á fò ni."

A wo ara wa. Ìbejì ni wá. Ọ̀kan nínú wa ń kọ sọfitíwíà jẹun, ó sì gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ èkejì ò kúrò nínú gírísì láti kékeré. Owó àwa méjèèjì la fi ra Golf 1.8T ọdún 2002 yìí. Àwa méjèèjì náà la sì jọ bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. A yọ turbo tó bá ọkọ̀ wá, a fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i. Iṣẹ́ turbo ni kó máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ nìkan kì í jó. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 ló ń bá ìwọ̀n epo bẹntiróòlù kan jó tán. Bí turbo bá sì ń ti afẹ́fẹ́ gan-an, epo gbọ́dọ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí inú ẹ́ńjìnnì má baà gbóná kọjá ààlà. Àwa fi afẹ́fẹ́ kún un, a ò fi epo kún un. Lójú ọ̀nà Jẹ́bbà, a gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn òkúta nínú agolo. Ká tó ráyè dúró, èéfín ti bò wá. Nígbà tí Àáfà tú ẹ́ńjìnnì, ihò ló wà lára piston kẹta. Owó ilé ọdún kan la fi ra ẹ́ńjìnnì míì. Ìyá wa ò tilẹ̀ bú wa. Wọ́n kàn ní, "Ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́, ṣé bàálù lẹ fẹ́ fi ṣe ni?"

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ injector fi dìjà láàárín wa. Ọlọ́wọ́ gírísì ní ká ra èyí tó ń da epo 630 cc ní ìṣẹ́jú kan. "Kó pọ̀ kó ṣẹ́kù sàn ju kó má tó lọ." Ọlọ́kọ̀ǹpútà ní rárá, ká ṣírò ó ná.

Injector ò ju ẹnu ẹ̀rọ omi kékeré kan lọ, tí iná ń ṣí tó sì ń tì, tí brain box sì ń pàṣẹ fún. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6000 ní ìṣẹ́jú kan, milliseconds 20 péré ni injector kọ̀ọ̀kan ní kí àyè rẹ̀ tó tún yí kàn. A ò sì fẹ́ kó ṣí ju 16 lọ nínú ogún yẹn, kó lè rí ààyè mí. Agbára ẹṣin 250 la fẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì onítúrbò, ẹ ka agbára ẹṣin kan sí epo 0.6 pound ní wákàtí kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 150. Ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ tún fi 0.8 pín in, ó di bíi pounds 47, ìyẹn bíi 490 cc ní ìṣẹ́jú kan. Injector 440 tí wọ́n wọ̀n ní bar 3 yóò da bíi 508 bí a bá gbé agbára epo inú páìpù lọ sí bar 4. Ó tó wa.

Kí ló wá burú nínú 630? Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń pa màlúù kọ́ ni wọ́n fi ń gé àlùbọ́sà. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan nínú gosiló, epo díẹ̀ báyìí ló nílò. Injector ńlá gbọ́dọ̀ ṣí kó sì tì kíákíá débi tí kò fi ní lè wọn epo náà dáadáa mọ́. Plug á dúdú, epo tó pọ̀ jù á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri ibi tí piston ń gbà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ló tún ní bẹntiróòlù tó máa dà nù?

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi yan ara wa lódì. Nígbẹ̀yìn, ìṣirò borí, la bá ní kí ọkùnrin yìí wá 440 wá. A ti sanwó fún un tán nígbà tí Àáfà bi wá pé, "Ìṣirò yín dáa. Ṣé ẹ ti wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń tọ̀?"

Ó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ páìpù epo lórí tábìlì rẹ̀, ó fi ìgò mẹ́rin sábẹ́ wọn, ó gbé e sí bar 3, ó sì ṣí wọn fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Ìgò mẹ́ta gba 110 ml gẹ́lẹ́. Ìkẹrin gba 86. A fọ̀ ọ́, a tún un ṣe. 87.

Gbogbo wa dákẹ́. Nínú sálẹ́ńsà ọkọ̀ wa, ẹyọ sensor kan ló ń gbóòórùn èéfín gbogbo piston pọ̀. Tó bá rí i pé epo dín díẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa fi kún fún dọ́gbadọ́gba. Mẹ́ta á ní epo púpọ̀ jù, ọ̀kan á máa jóná, àròpọ̀ á sì dà bíi pé kò sí nǹkan kan. A ò bá tún gbọ́ ìró agolo yẹn.

Èyí tó ń kọ sọfitíwíà nínú wa lójú tì jù. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má gbára lé ìpíndọ́gba: ápù lè yára fún ẹgbẹ̀rún èèyàn, kó má ṣí rárá fún ẹnì kan. Ó wá jókòó, ó fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣírò injector mẹ́rin. Èkejì náà ò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí òun náà rí 440 lára irin, ó sì gbà á gbọ́.

Ìdajì owó wa ni ọkùnrin náà dá padà. A gbà á. Oṣù méjì la fi wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ká tó rí owó ra tuntun, èyí tó wá pẹ̀lú ìwé tó sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dà. A ò gba ìwé gbọ́. A gbé e lọ bá Àáfà: 110, 109, 110, 111. Ìgbà yẹn la tó kọ ìwọ̀n wọn sínú brain box, pẹ̀lú bó ṣe ń pẹ́ kí wọ́n tó ṣí nígbà tí iná bátìrì bá lọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a fi ọkọ̀ náà gbé ìyá wa lọ ra ata ní Ìpàtà. Wọ́n tẹ́tí sí i títí a fi dé ẹ̀gbẹ́ ọjà. "Ó ti jáwọ́ nínú ariwo yẹn," ni wọ́n wí, wọ́n gbé agbọ̀n wọn, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.