Ẹ̀sùn Tí A Fi Kan Àbúrò Wa ní Ajangbadi

Ó pẹ́ díẹ̀ tí a ti ń bá ara wa jiyàn bóyá ó yẹ kí a kọ ìtàn yìí sínú ìwé ìròyìn wa, nítorí ìtàn náà kò fún wa ní ìyìn. Ẹnì kan nínú wa ní kí a fi í sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí a ṣẹ̀ ti dárí jì wá. Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní sáà tí ń bọ̀ kò yé bi wá léèrè bí a ti ṣe bọ́ lọ́wọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí ń já ní òru, a sì rí i pé a kò lè sọ apá kan kí a fi apá kejì pamọ́.

Àwa mẹ́rin ni a jọ gba yàrá kan ní Ajangbadi nígbà tí a rán wa lọ kọ́ni ní ìhà Ìbà. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè náà yóò mọ irú ilé tí à ń wí: yàrá mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín wọn, ilé ìdáná kan ṣoṣo lẹ́yìn. Àwa mẹ́ta tí ń kọ ìtàn yìí jẹ́ ojúgbà. Ẹnì kẹrin kéré sí wa ní ọdún mẹ́rin, òun ni a sì ń pè ní àbúrò. Òun ni í pọn omi, òun ni í lọ ra àkàrà ní òwúrọ̀, kì í sì í pe ẹnikẹ́ni nínú wa láìfi ẹ̀gbọ́n ṣáájú.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan péré ni ó wà láàárín wa. Lórí rẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń tẹ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí a gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ tí ń bojú tó wa. Lórí rẹ̀ náà ni a ó ti kọ ìròyìn ìparí sáà, tí kò gbọdọ̀ kọjá agogo méjìlá òru ọjọ́ Ẹtì tí a dá. Ẹni tí tirẹ̀ bá pẹ́, ọdún tí ń bọ̀ ni yóò tún ìdánrawò náà ṣe. A dá owó jọ, a ra MiFi kan, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tí ó ní bátìrì tirẹ̀, a ki síìmù bọ̀ ọ́, a sì ń pín dátà rẹ̀ lò.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi gbádùn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àrùn kan mú un. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, àmì tí ó dà bí abẹ̀bẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà yóò pòórá, yóò padà wá, yóò sì tún pòórá kí a tó ka ìlà mẹ́ta. Iṣẹ́ tí a ń fi ránṣẹ́ yóò dé ìdajì, yóò dúró. A pa ẹ̀rọ, a tún un tàn. A yọ síìmù, a fi aṣọ nù ún, a dá a padà. A gbé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, a ń rìn káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tí ń kiri ọjà, tí àwọn ọmọdé ilé fi ń tẹ̀lé wa lẹ́yìn.

Ọ̀kan nínú wa kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà ru òkun. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ó gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìhà etíkun Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, iṣẹ́ sì dojú rú ní ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà wá, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti rọ lọ́wọ́ ará Èkó, yóò ní okùn abẹ́ òkun ti já. Ṣùgbọ́n okùn abẹ́ òkun kì í dúró de agogo mẹ́wàá alẹ́ kí ó tó já, bẹ́ẹ̀ ni kì í sàn fúnra rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó yẹ kí agogo mẹ́wàá yẹn ti là wá lójú. Kò là wá.

Ní ti èyí, ó rọrùn fún àwọn bàbá wa jù wá lọ. Nígbà tí ìjọba gbé asọ̀rọ̀mágbèsì dé Èkó ní ọdún 1935, àpótí tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù wọ inú ilé, wáyà ni ó gbé ohùn náà wá. Bí àpótí bá dákẹ́, oníṣẹ́ lè tọ wáyà láti ilé dé òpó, láti òpó dé òpó, títí yóò fi rí ibi tí ó gé. Ohun tí ó so kọ̀ǹpútà wa mọ́ MiFi kò ní okùn tí ènìyàn lè tọ̀. Ìgbì ni, ìbátan ìgbì rédíò, tí ń mì ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 2,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú kò rí i, ọwọ́ kò tó o. Àwa sì wá ẹni tí ojú rí.

Àbúrò wa fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Bí bàbá onílé bá ti pa jẹnẹrétọ̀ ní agogo mẹ́wàá, tí òkùnkùn bo yàrá, òun a fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní rẹ̀, fóònù a máa tàn sí i lójú, a ó sì máa gbọ́ ohùn kékeré àwọn tí ń ròyìn eré. Ìgbà náà gan-an ni íntánẹ́ẹ̀tì wa ń já. Kí ni a tún ń wá? Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ ìparí, tí iṣẹ́ wa dé ìdajì tí ó sì dúró nígbà kẹta, ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa dìde, ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ náà, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Àwa méjì tí ó kù kò dá a lẹ́kun. Ńṣe ni a fi tiwa kún un. A ní ó ń jí dátà gbogbo wa mu. A pè é ní olè.

Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, síìmù tèmi ni mo fi ń wò ó."

A ní irọ́ ni. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pọn omi bí ó ti máa ń pọn ọ́n, ó dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó ká ẹní rẹ̀, ó sì gba ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ lọ ní Okokomaiko.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú náà, agogo mẹ́wàá lù, bàbá onílé pa jẹnẹrétọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì sì já. A wo ibi tí ẹní rẹ̀ máa ń wà, a wo ara wa. Nígbà tí ó pẹ́, ọ̀kan nínú wa tẹ kóòdù tí a fi ń wo iye dátà tí ó kù. Ó kù ju ìdajì lọ. Kóòdù náà kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ láti tẹ̀. A ti lè tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Nígbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ohun kọ̀ọ̀kan. A rántí pé nítorí olè tí ń na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, inú àpótí páànù tí a ń kó ìwé sí ni a ń tọ́jú MiFi sí bí ilẹ̀ bá ṣú. Irin a sì máa dá ìgbì padà bí dígí ti ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. A ti ẹ̀rọ mọ́lé, a sì ń bínú pé kò sọ̀rọ̀! A gbé e kọ́ sí ìṣó lókè ògiri, kúrò lẹ́bàá páànù àti kúrò lẹ́bàá kẹ́ẹ̀gì omi, nítorí omi náà a máa fa ìgbì mu. Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń já.

A so fóònù ọ̀kan nínú wa mọ́ Wi-Fi kan náà, a gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Fóònù ń lọ geere. Kọ̀ǹpútà ń já. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ń lọ, ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí ẹ̀rọ méjì bá jókòó síbì kan náà, tí ọ̀kan ń gba íntánẹ́ẹ̀tì tí èkejì kò gbà á, ẹ̀bi kò sí ní abẹ́ òkun, kò sì sí lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ra dátà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jọ kú, ẹ lè máa wo ọ̀nà jíjìn.

Ti ojú ọ̀nà tí ó kún náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yàrá nínú méjìlá ilé wa ni ó ní Wi-Fi tirẹ̀ tàbí fóònù tí ń pín in, bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ọ̀nà tí a pín ìgbì yìí sí, mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni a lè jọ lò láìjẹ́ pé wọ́n gun ara wọn lẹ́sẹ̀. Orí 6 ni èrò pọ̀ sí. A kó tiwa lọ sí 11. Ó yára sí i. Kò ṣíwọ́ jíjá.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan nínú wa tẹ ọ̀rọ̀ kékeré kan tí à ń pè ní ping, ó fi nọ́ńbà MiFi tẹ̀lé e. Ping dà bí ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ń ké "Àgò!", tí ó sì ń ka iye ìgbà tí ará ilé dáhùn. Nínú 100 ìgbà tí ó ké, ó lé ní 20 tí ẹnìkan kò dá a lóhùn. Bí a ti ń kà á lọ́wọ́ ni iná dé lójijì, tí gbogbo ilé hó yèè. Ọ̀kan nínú wa sáré ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ iná kí wọ́n tó mú un lọ. Láti ìṣẹ́jú náà, kò sí àgò kan tí kò ní ìdáhùn. A yọ wáyà: ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí sọnù. A kì í bọ̀ ọ́: wọ́n padà dé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni a ṣe é, nítorí pé a ti kọ́ láti má ṣe gba ẹlẹ́rìí kan gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kọ̀ǹpútà wa, bí ó bá ti rí i pé bátìrì ni òun ń jẹ, a máa ṣọ́wọ́ná. Bí wọ́n ti ṣe é wá nìyẹn. Káàdì inú rẹ̀ tí ń gba Wi-Fi yóò máa tòògbé láti fi agbára pamọ́. Ẹ̀rọ tí ń pín Wi-Fi a máa kéde ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Káàdì tí ń tòògbé gbọ́dọ̀ jí ní àkókò ìkéde láti béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ fún òun. Bí àwọn méjèèjì bá gbọ́ ara wọn yé, kò sí wàhálà. Tiwa kò gbọ́ ara wọn yé: ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ nígbà tí èkejì ń sùn.

Ohun tí a ṣe kò gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Nínú Device Manager, lábẹ́ Network adapters, a tẹ orúkọ káàdì Wi-Fi, a ṣí ojú ewé Power Management, a sì mú àmì kúrò níwájú gbólóhùn tí ó fún kọ̀ǹpútà láyè láti pa káàdì náà kí agbára má baà tán. Lẹ́yìn náà, nínú Power Options, lábẹ́ Wireless Adapter Settings, a rí i pé èyí tí ó wà fún bátìrì jẹ́ Medium Power Saving, èyí tí ó wà fún iná sì jẹ́ Maximum Performance. A sọ méjèèjì di Maximum Performance. Bátìrì ń tètè tán díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A fara mọ́ ọn.

Nígbà náà ni agogo mẹ́wàá wá yé wa. Epo bẹntiróòlù ti wọ́n gidigidi láti ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, bàbá onílé sì ti kìlọ̀ fún wa ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí a débẹ̀ pé òun kò ní lè tan jẹnẹrétọ̀ kọjá agogo mẹ́wàá mọ́. A gbọ́ ọ; a tilẹ̀ kùn sí i. Bàbá pa jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà bọ́ sórí bátìrì, káàdì bẹ̀rẹ̀ sí tòògbé. Àbúrò wa sì fẹ̀yìn lélẹ̀ nítorí pé òkùnkùn ṣú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Ẹtì ìparí. Nígbà tí a fẹ́ fi iṣẹ́ tiwa ránṣẹ́ ni a rí fáìlì tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ojú ewé mẹ́rìnlá, tí apá ìkẹyìn kò tíì sí. Kò wá béèrè rẹ̀. A rí i ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ó kí wa, kò mẹ́nu bà á.

Bí a ti kúrò ní kíláàsì ni a wọ ọkọ̀ lọ sí Okokomaiko. Ẹnu ọ̀nà ni a ti bá a, tí ó jókòó sórí àpótí, tí ó ń fi àtàǹpàkò kan tẹ ìròyìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Ojú ewé kẹta ni ó dé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà, a sì ro ẹjọ́ wa, a kò yọ ìkankan kúrò. Ìyá náà fi etí sílẹ̀ títí a fi parí. Ó ní, "Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé báyìí náà ni ẹ ti ń dájọ́ fún àwọn ọmọ wa ní kíláàsì?"

A kò rí èsì fún un. A kò tíì rí i di òní.

Ọmọ náà bá wa padà. Ní agogo mẹ́wàá, bàbá onílé pa jẹnẹrétọ̀. Kò sí ẹni tí ó mí nínú yàrá. Àmì tí ó dà bí abẹ̀bẹ̀ náà dúró síbi tí ó wà. Ọ̀kan nínú wa ń fi fóònù tanná sí i lọ́wọ́, ọ̀kan ń fẹ́ ẹ nítorí ẹ̀fọn, ẹnì kẹta ń ka ìlà tí ó kù fún un. Nígbà tí agogo kù ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí ó lu méjìlá, ìròyìn rẹ̀ wọlé, wọ́n sì fi ìwé dá a lóhùn pé ó dé. Ó ti kọ̀ǹpútà pa, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí àyè rẹ̀, ó sì ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ọ̀lù tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ta ni ó borí?"