Nígbà Tí Wọ́n Ní Kí N Bọ́ Jẹ́sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ èmi àti básíkẹ́ẹ̀tì ṣe rí. Mo kàn ń fi ṣeré ní sẹ́kọ́ńdìrì ni. Nígbà tí mo fi máa dé ọdún kẹrin ní yunifásítì, orúkọ mi ti sọnù. Nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì mi, Séfúùnù, ni gbogbo ẹ̀ka wa ń pè mí. Èmi ni mo máa ń gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú, tí mo máa ń pín in fún àwọn tó kù.

Lọ́jọ́rú kan, ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀.

Ó ní, "Séfúùnù, o ò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní sáà yìí. Ìwọ lo máa di kóòṣì. Ọmọ ọdún kìíní yẹn ló máa gba ipò rẹ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ojú rẹ máa ń rí nǹkan kó tó ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ni kì í tètè débẹ̀ mọ́. Lọ ka ìtàn Obradović, kó o dá mi lóhùn lọ́jọ́ Ẹtì."

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mo ka ìtàn ọ̀hún.

Ọmọ Sẹ́bíà ni Željko Obradović. Ìlú Čačak ni wọ́n ti bí i ní 1960. Ẹ wá wò ó, ipò tí mò ń gbá gan-an lòun náà gbá. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Borac, ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀, kó tó lọ sí Partizan ní Belgrade ní 1984. Ó wà nínú ikọ̀ Yugosláfíà tó gba fàdákà ní Òlíńpíìkì Seoul ní 1988, ó sì tún wà lára àwọn tó gba wúrà ìdíje àgbáyé ní Ajẹntínà ní 1990. Kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ rárá.

Ní 1991, ó pé ọmọ ọdún 31. Ó wà pẹ̀lú ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀, wọ́n ń múra ìdíje Yúróòpù tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Róòmù, ni Partizan bá ní kó wá di kóòṣì. Ọkùnrin yìí kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Àwọn tó fi sílẹ̀ lọ sí Róòmù, wọ́n gba wúrà bọ̀. Mo gbé ìwé sílẹ̀ níbẹ̀, mo ronú. Wúrà o! Èmi tí mò ń sunkún nítorí ìdíje àárín ẹ̀ka sí ẹ̀ka ńkọ́?

Nǹkan tó tún dùn mọ́ mi ni pé kò díbọ́n pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Àgbà kóòṣì kan wà, Aleksandar Nikolić, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní kí bàbá náà wá máa gba òun nímọ̀ràn. Ogun sì ti bẹ́ sílẹ̀ ní Yugosláfíà nígbà yẹn. Wọn ò jẹ́ kí Partizan gba àlejò nílé, Fuenlabrada, nítòsí Madrid ní Sípéènì, ni wọ́n ti ń gbá ìdíje ife Yúróòpù tó yẹ kí wọ́n gbá ní Belgrade. Àwọn ará ibẹ̀ sì sọ wọ́n di tiwọn. Đorđević àti Danilović tí wọ́n gbójú lé, ọ̀kankan wọn ò tíì pé ọmọ ọdún 25. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wọn ṣeré lánàá ló wá ń pàṣẹ fún wọn lónìí.

Ní àṣekágbá ní Istanbul ní 1992, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù, Joventut ti Sípéènì ń fi 70 sí 68 síwájú. Đorđević sáré, ó ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, ó wọlé, ó di 71 sí 70. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn o! Joventut tó nà yìí náà ló wá gbà á síṣẹ́, ó sì gba ife fún wọn ní 1994. Ó gbà á fún Real Madrid ní 1995, ó gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún pẹ̀lú Panathinaikos ní Gíríìsì, ó tún gbà á pẹ̀lú Fenerbahçe ti Tọ́kì ní 2017. Ekpe Udoh, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni wọ́n sọ pé ó ta yọ jù lọ ní ìpele ìkẹyìn ìdíje ọdún yẹn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án.

Kì í ṣe pé kò ṣubú rí o. Ní 2005, orílẹ̀-èdè rẹ̀ gba àlejò ìdíje Yúróòpù, òun ni kóòṣì. Faransé lé wọn jáde lójú gbogbo ará ilé, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìtìjú yẹn, mẹ́rin nínú ife mẹ́sàn-án náà ló ṣì ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo fọ jẹ́sì mi, mo ká a, mo gbé e fún ọmọ ọdún kìíní yẹn. Ó fọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo yára yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà rí ojú mi.

Ìdíje àkọ́kọ́ tí mo darí, ojú àmì 19 ni wọ́n fi nà wá. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ò tilẹ̀ gbọ́ mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà ìsinmi àárín eré, ọmọ yẹn wá bá mi, òógùn bò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí?" Mo sọ fún un pé ẹni gíga wọn yẹn, bó bá ti fo sókè lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣófo nìyẹn. Nígbà tí wọ́n padà, ó dúró, ó jẹ́ kí ẹni gíga náà fò, ó sì ta bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn rẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀. Ó wọlé. Ọmọ náà yíjú, ó nàka sí mi.

A pàdánù lọ́jọ́ yẹn ṣá. Ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa. Ìwọ tó ń ka èyí, bí wọ́n bá ní kó o bọ́ jẹ́sì tìẹ lọ́la, má kọ́kọ́ bínú. Bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí.