Àwa àti Ijó Salsa ní New Cross

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìdánwò, kì í sì í ṣe ti owó ilé. Ọ̀rọ̀ ijó ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, nítorí ijó yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, àwa márùn-ún tí a ń gbé ní agbègbè New Cross bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kọ́ ijó salsa ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀, nínú yàrá kan lókè ilé ọtí ní New Cross Road. Kì í ṣe pé owó pọ̀ lọ́wọ́ wa. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú, yàrá wa tutù, a sì ti wo ojú ara wa títí ó fi sú wa. Ọ̀kan nínú wa ló rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nítòsí Goldsmiths pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò san ìdajì owó. A ní kí a lọ wò ó. Nínú ọkàn wa, ẹ̀fẹ̀ ni a ń ṣe: ta ni yóò kọ́ ọmọ Yorùbá níjó?

Ojú tì wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ijó tiwa a máa ti ìdí àti orúnkún wá, a máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, oníkálukú a sì máa dá tirẹ̀ jó. Àwọn wọ̀nyí ń ka ìṣísẹ̀: ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí o dúró díẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí o tún dúró. O ó di ẹlòmíràn lọ́wọ́ mú, o ó sì mọ ibi tó ń lọ kí ó tó lọ síbẹ̀. A tẹ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀ títí. Màmá àgbà kan, ọmọ Kòlóḿbíà tó ń tajà ní ìhà Elephant and Castle, ló ṣàánú wa. Ó ní kí a yé wo ilẹ̀, kí a gbọ́ igi.

Igi tí ó wí ni igi méjì tí wọ́n ń lù mọ́ra, tí wọ́n ń pè ní clave. Ìró márùn-ún ni: mẹ́ta ṣáájú, méjì tẹ̀ lé e. Kọ́n, kọ́n, kọ́n; kọ́n, kọ́n. Nígbà tí a fetí sí i dáadáa, a wo ara wa lójú. A ti mọ ìró yìí láti kékeré! Òun náà ni agogo ń wí nínú àwo orin háíláìfù tí àwọn bàbá wa ń gbé sí i lọ́jọ́ Sátidé. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ wa ti ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Olùkọ́ wa jẹ́ ọmọ Kúbà láti ìlú Matanzas, Ọ̀gá ni a ń pè é. Ó dá orin dúró, ó gbé òmíràn sí i tí ó jẹ́ ohùn ìlù mẹ́ta péré. Ìlù náà kò jọ ti ijó, ó ń sọ̀rọ̀ ni. Ọ̀gá ní bàtá ni. Ó ka orúkọ wọn fún wa: iyá, itótele, okónkolo. Ó ní ẹ̀mí tó ń gbé inú ìlù náà ni àwọn ń pè ní Añá. Ó wá kọjú sí wa, ó ní, 'Ilẹ̀ yín ni ó ti wá. Kí ni ìlù yìí ń wí?'

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Àwa tí a lè ka orúkọ gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal láì mí, a kò mọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí bàtá ń sọ. Bí a ti dúró bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wa mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó jáde, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì gidi ni. A rò pé orúkọ òrìṣà ló bí i nínú.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, a kọjá níwájú Deptford Town Hall, tó ti di ti Goldsmiths báyìí. Ère àwọn ọ̀gágun ojú omi ló wà lára ilé náà: Francis Drake, Robert Blake, Horatio Nelson. Ojoojúmọ́ ni a ń kọjá lábẹ́ wọn lọ sí kíláàsì. Drake yìí bá ìbátan rẹ̀, John Hawkins, wọkọ̀ ní 1567 lọ sí etíkun Áfíríkà, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì lọ tà wọ́n fún àwọn ará Sípéènì lókè òkun. Ní 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ilé náà, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ 137 nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú. A ti mọ ìtàn yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ó tó wọ̀ wá lára.

Kì í ṣe ayé Drake ni wọ́n kó àwọn ènìyàn tiwa lọ sí Kúbà lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan. Oko ìrèké ni wọ́n kó wọn lọ, 1886 ni oko ẹrú sì tó dópin pátápátá ní Kúbà. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé 'olùkù mi' ni ó di bẹ́ẹ̀. Wọn kò gbé ìlù dání nínú ọkọ̀ ẹrú. Orí ni wọ́n fi gbé e lọ, nígbà tí wọ́n sì débẹ̀, wọ́n wá igi àti awọ, wọ́n tún un gbẹ́. Nílé, onílù a gbé bàtá kọ́ ọrùn, a fi ọwọ́ lu ojú ńlá, a sì fi bílálà lu ojú kékeré. Ní Kúbà, onílù a jókòó, a gbé e lé itan, a sì fi ọwọ́ lásán lu ojú méjèèjì. Nínú ilé ìsìn nìkan ni wọ́n ti ń lù ú fún ọdún gbọọrọ. 1936 ni Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé ọmọ Kúbà, kó àwọn onílù bàtá wá síwájú èrò ní Havana fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ará, níbí ni kí a ti ṣọ́ra. Bí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ irú ìtàn yìí, kíá ni yóò sọ pé, 'Àwa la ni salsa.' Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ ni ìtumọ̀ salsa ní èdè Sípáníṣì, ọbẹ̀ náà sì ni lóòótọ́. Ará Kóńgò fi nǹkan sí i: nínú ìlù tiwọn ni kóńgà ti wá. Ará Sípéènì fi jìtá àti èdè sí i. Kúbà ni wọ́n ti gbé e kaná, àwọn ọmọ Puerto Rico sì jẹ́ kí ó hó ní New York, níbi tí Johnny Pacheco àti Jerry Masucci ti dá ilé iṣẹ́ Fania sílẹ̀ ní 1964. Iyọ̀ tiwa wà níbẹ̀, kò sì kéré. Celia Cruz, tí wọ́n ń pè ní ọbabìnrin salsa, kọrin sí àwọn òrìṣà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ nìkan kò lè ní òun ló ni ìkòkò.

Ọbẹ̀ náà tilẹ̀ ti padà wá bá wa nílé tipẹ́. Láti 1933 ni ilé iṣẹ́ HMV ti ń kó àwo orin Kúbà tí wọ́n fi lẹ́tà GV sàmì sí wá tà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kí ni àwọn onijùjú ń pe ìlù tó jọ kóńgà? Àkúbà. Orúkọ Kúbà ló wà níbẹ̀ gbangba, a kò sì fìgbà kan ronú sí i. Adéolú Akínsànyà, Bàbá Ètò, pe ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ní Rio Lindo, èyí tí kì í ṣe orúkọ Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú. Ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, Ginger Folorunso Johnson, ọmọ Nàìjíríà, bá ẹgbẹ́ Edmundo Ros lu orin àwọn ará Látìn, kí ó tó di pé òun àti àwọn onílù rẹ̀ bá Rolling Stones ṣeré ní Hyde Park ní July 5, 1969. A kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ìlù yìí ní ìlú òtútù.

Ní ti òde òní, nǹkan ti dàpọ̀ mọ́ra gan-an. Ní wákàtí méjì tí a ń lò lókè ilé ọtí yẹn, wọn a gbé salsa sí i, wọn a gbé bachata ti Dominican Republic sí i, wọn a gbé kizomba ti Àǹgólà sí i; bí a bá sinmi, afrobeats ni wọn yóò gbé sí i, ìgbà náà ni àwa náà ń gbẹ̀san. Burna Boy àti J Balvin ọmọ Kòlóḿbíà jọ kọrin nínú àwo Love, Damini ní 2022. Ní January 2025, Bad Bunny ọmọ Puerto Rico gbé àwo kan jáde tí ó fi salsa àti plena sí, àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń pe salsa ní orin ìyá àgbà sì tún ń jó o. Daymé Arocena, ọmọ Kúbà tí kò fi òrìṣà rẹ̀ pamọ́, ṣe àwo rẹ̀ Nueva Era ní 2015 pẹ̀lú Brownswood, ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ọdún yẹn náà ni Ibeyi gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Ìbejì obìnrin ni wọ́n, ohun tí orúkọ wọn sì túmọ̀ sí nìyẹn. Bàbá wọn, Angá Díaz, onílù pàtàkì ní Kúbà, kú ní 2006 nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Paríìsì ni wọ́n bí wọn sí, síbẹ̀ wọ́n ń fi Yorùbá kọrin. A gbé e sí i ní ilé ìdáná wa, a dákẹ́ lọ. Ohùn ọ̀rọ̀ náà ti yí díẹ̀ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa ni.

Ìjà tí a ń wí nìyí. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe àpèjẹ ìparí ọdún ní gbọ̀ngán kan ní Peckham. Àwa tí a ń jó salsa ní kí a pe Ọ̀gá kí ó wá lu bàtá. Ariwo ta! Bọ̀dá kan ní kí a má gbé òrìṣà wọ àpèjẹ àwọn Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Òmíràn ní ṣé ìlù lásán ni yóò pa yín ni? Ohùn ròkè títí ẹni tó ń gbé òkè wa fi ń kan ilẹ̀ mọ́ wa lórí. Nígbà náà ni ẹni tó jáde lálẹ́ ọjọ́sí dìde.

Ó ní, 'Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ẹ̀sìn ló lé mi jáde. Orúkọ ni.' Ó ní onílù ni bàbá bàbá òun, Àyàn ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé àwọn. Nígbà tí bàbá òun di olùkọ́ àti alàgbà ìjọ, ó yọ Àyàn kúrò, ó fi Olú dípò rẹ̀. Olú náà ló wà nínú ìwé ìrìnnà òun. Ìgbà ìsìnkú bàbá àgbà nìkan ni òun gbọ́ orúkọ àtijọ́ náà rí. 'Nígbà tí ọkùnrin yẹn wí pé Añá, Àyàn ni mo gbọ́. Ẹni tí kò mọ ilé wa rí ló pe orúkọ tí bàbá mi gbé sin. Mi ò mọ ibi tí mo máa fi ojú mi sí.'

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Àǹtí tó dàgbà jù nínú wa ní, 'Àbúrò, pe bàbá rẹ.'

A lọ bá Ọ̀gá nígbẹ̀yìn. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí a tilẹ̀ fún òun ní ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, òun kò ní í gbé bàtá tí wọ́n ti ṣe ètò Añá fún wá síbi tí ènìyàn ti ń mutí. Ó ní àwọn mìíràn wà tí a kò ṣe nǹkan kan sí, aberikulá ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn ni fún àríyá. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí a fi odidi alẹ́ jà lé lórí, ẹni tó ni ín ti fi ààlà sí i tipẹ́.

Àpèjẹ náà dùn. Bọ̀dá tó pariwo jù ló kẹ́yìn kúrò lójú agbo. Màmá ọmọ Kòlóḿbíà jẹ ọbẹ̀ ata wa, ó sunkún díẹ̀, ó sì tún bu òmíràn.

Ní ti ọ̀rẹ́ wa, nígbà tí ó pe bàbá rẹ̀, bàbá dákẹ́, ó ní kí ó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí bàbá fúnra rẹ̀ tó pè é padà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí ó ní kí ó mú bírò. Oríkì ìdílé wọn ló kà fún un. Ibi méjì wà tí ó ti gbàgbé; ó ní òun yóò bi ẹ̀gbọ́n òun léèrè. Ọ̀rẹ́ wa kò yí orúkọ rẹ̀ padà, kò sì kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ó ti ń padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Kì í jó. Agogo ló ń lù.

A kò tíì lè dá Ọ̀gá lóhùn nípa ohun tí bàtá ń wí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá jẹ́ ọmọ Àyàn, tàbí tó mọ àgbà onílù kan tí a lè bi léèrè kí ó tó pẹ́ jù, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí wa. Ẹni tó bá sì wà nítòsí, kí ó wọ ọkọ̀ 36 láti Peckham tàbí 53 láti Elephant, kí ó wá bá wa jó. Àwa náà ṣì ń tẹ ènìyàn lẹ́sẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.