Àkọlé Ìròyìn àti Ọ̀rọ̀ Tó Ń Dún Gbàgà

Bí ìjì bá gbá ilẹ̀kùn dé gbàgà, tí gbogbo ará ilé sì ta gìrì, ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un ni "slam". Ìró rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ tán. Ẹni tó fi ìbínú gbé àwo kalẹ̀ lórí tábìlì náà ṣe ohun kan náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti rìn jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Nínú tẹ́níìsì, ìdíje ńlá mẹ́rin, ìyẹn ti Australia, ti Faransé, Wimbledon àti ti Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń pè ní Grand Slam. Inú eré káàdì ni wọ́n ti yá orúkọ náà.

Ojú ìwé ìròyìn ni ó ti wá ń ṣọṣẹ́. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni, àyè àkọlé kì í sì í tó. Ìdí nìyí tí àwọn olóòtú fi fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo kọ ìròyìn nípa àgbà ìlú kan tó rọ ìjọba pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀ gbé yẹ̀ wò. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni bàbá náà fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àkọlé ti ní ó "slam" ìjọba. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni bàbá fi ń ṣàlàyé ara rẹ̀ káàkiri.

Èdè Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báyìí. Ènìyàn lè rọ ìjọba, ó lè gbà á nímọ̀ràn, ó lè ta kò ó, ó lè dá a lẹ́bi, ó lè bẹnu àtẹ́ lù ú, ó sì lè bú u. Kò sí èyí tó bá èkejì dọ́gba. Síbẹ̀, níbi tí akọ̀ròyìn wa bá ti rí "slam", "bẹnu àtẹ́ lù" ló máa ń kọ sílẹ̀, láìka ohun tí onítọ̀hún sọ gan-an.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Akọ̀ròyìn tó sọ ìmọ̀ràn di èébú ti yọ ọfà tí ẹlẹ́nu kò yọ. Ẹ̀yin òǹkàwé náà, bí àkọlé bá ń pariwo, ẹ ka ìròyìn náà dópin kí ẹ tó gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.