Búréèkì ọ́ìlì kì í ṣe ọ́ìlì lásán: ohun tí Pijó mi kọ́ mi

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé irè oko wa dé ọjà ni.

Pijó 504 pikọ́ọ̀pù ni mo ń lò, ọ̀kan lára àwọn tó jáde ní ilé iṣẹ́ Kàdúná tí wọ́n ṣí ní 1975. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà oko tí kò lè wọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni mo fi ń kó láti apá Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, màá gba Erin-Ìjẹ̀ṣà àti Ìwàràjà wọ Iléṣà, kí n tó forí lé Ọjà Ọba l'Óṣogbo.

Lọ́jọ́ kan, búréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo ṣí ìdérí, ọ́ìlì ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Mẹkáníìkì kan tó wà nítòsí ní kí n má ṣèyọnu, "ọ́ìlì náà ni gbogbo ẹ̀." Ló bá da ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sí sitiárìn sí i. Owó táṣẹ́rẹ́ ló gbà, inú mi dùn pé mo rí ọ̀pọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Erin-Ìjẹ̀ṣà, ẹrù kún fọ́fọ́, ìyá oníṣòwò kan àti ọmọ rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ mi lọ kan ilẹ̀. Mo já sí jíà kejì, mo já sí ìkíní, mo ń fa hánbúréèkì díẹ̀díẹ̀, mo wá yà á wọ inú igbó lápá òkè. Ìyá yẹn ń pe Jésù, èmi ò lè pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dànù, ẹ̀mí ò bá a lọ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Bàbá mẹkáníìkì kan ní Iléṣà ló tú u. Ó kó àwọn rọ́bà inú ẹ̀ hàn mí: wọ́n ti wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, ọ̀kan ti ya. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ọ̀tá rọ́bà búréèkì ni irú ọ́ìlì yìí." Gbogbo rọ́bà la pààrọ̀. Èrè ìrìnàjò mẹ́ta ló bá a lọ, nígbà tó jẹ́ pé ike DOT 3 kan ṣoṣo ni ìbá ná mi.

Ohun tí mo kọ́ rèé:

1. Búréèkì: DOT 3 tàbí DOT 4 ni ti 504. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ má ra èyí tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún méjì-méjì. DOT 5 yàtọ̀, ẹ má pò ó mọ́ wọn.

2. Ẹ́ńjìnnì: 20W-50 bá ẹ́ńjìnnì àtijọ́ àti oòrùn wa mu. 0W-20 tó ṣàn bí omi, ọkọ̀ tuntun ló ni ín.

3. Jíà: èyí yà mí lẹ́nu. Jíà ọlọ́wọ́ onípele mẹ́rin ti 504 àtijọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni àwọn tó ṣe é ní ká dà sí i. Ọ́ìlì 90 tó ki, ìdí ọkọ̀ lẹ́yìn ló wà fún.

4. Rédíátọ̀: omi kànga lásán máa ń jẹ́ kó dípẹtà, orí ẹ́ńjìnnì 504 sì jẹ́ alumíníọ̀mù tí ìpẹtà ń jẹ. Ẹ lo kúláǹtì, ẹ má sì ṣí i nígbà tó bá gbóná.

5. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Tòkunbọ̀ tí jíà ẹ̀ jẹ́ ọ́tò: ẹ ka ara ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ Toyota ló kọ T-IV síbẹ̀. Honda ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Pé méjèèjì pupa kò sọ wọ́n di ọ̀kan.

Àwa àgbẹ̀ ò ní da oògùn koríko sórí kòkó torí pé ó jọ oògùn kòkòrò nínú ike. Ẹ jẹ́ ká fi ojú yẹn wo ọkọ̀ wa. Ẹ ka ara ike kẹ́ ẹ tó dà á. Ẹ fi han awakọ̀ yín náà, torí òun ló ń gbé yín sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ọjà á tà o.