MO DA PÀǸTÍ SÓDÒ, ODÒ GBÉ ÌSỌ̀ ÌYÁ MI LỌ

Lónìí, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbàdàn, bí òjò bá ti ṣú báyìí, iṣẹ́ mi dé nìyẹn. Màmá mi á ní, "Gbé pàǹtí yẹn, sáré lọ dà á sódò, omi á gbé e lọ!" Ọ̀rá, agolo, èèpo iṣu, gbogbo rẹ̀ ni mò ń dà sódò ẹ̀yìn ilé wa. Kì í ṣe èmi nìkan o, gbogbo àdúgbò ni.

Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, òjò ńlá rọ̀. Ọ̀rá ti dí abẹ́ afárá pa, odò kò rọ́nà gbà, ló bá yà wọlé. Ìsọ̀ màmá mi, tòun ti ẹ̀wà àti gààrí, omi gbé e lọ. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀! Tiwa tiẹ̀ sàn: èèyàn tó lé ní 100 ló kú lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn kọ́ ni àkọ́kọ́. Omíyalé Ògùnpa ti 31 Oṣù Kẹjọ 1980 náà pa èèyàn tó lé ní 100.

Láìpẹ́ yìí, mo bi màmá mi pé kí ló dé tí a fi ń dà á sódò. Ó ní, "Ọmọ mi, ibo ni kí n dà á sí? Garawa onírin tí wọ́n gbé wá jìnnà sí wa, ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí kì í tètè dé. Ìdin ti bò ó."

Irọ́ ni? Ta ló bi ọlọ́jà léèrè kí wọ́n tó gbé garawa kalẹ̀?

Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n odò kò mọ ààlà. Pàǹtí tí wọ́n dà lápá òkè, ìsàlẹ̀ ló ń dí. Ààtàn ńlá mẹ́rin tí a mọ̀, Ajakanga, Awotan, Lapite àti Aba-Eku, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n wà. Bí epo ọkọ̀ bá wọ́n, pàǹtí kò ní kúrò lọ́jà. Àfi kí gbogbo wọn jọ jókòó pinnu.

Ọgbọ́n mìíràn sì wà. Kí ọdún 2000 tó dé, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ kan sí ọjà Bódìjà, láti máa sọ ìdọ̀tí ọjà àti ìgbẹ́ màálù di ajílẹ̀. Ohun tó bá di ajílẹ̀ nínú ọjà, ṣé ó tún ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ẹ̀yìn ìlú?

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, bí wọ́n bá pèpàdé lórí pàǹtí, ẹ má jókòó sílé. Ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ kí garawa wà, ọjọ́ tí ọjà yín máa ń kún, àti iye tí agbára yín ká.

Ní tiwa, màmá mi ti ń ya èèpo iṣu sọ́tọ̀ fún ẹnì kan tó ń sin ewúrẹ́. Èmi náà ti jáwọ́. Òjò ì báà ṣú dúdú, ẹ kò ní bá mi létí odò mọ́.

Àdúgbò tiyín ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ o.